Ọjọ́ tí Ìfun Mi Kó Ẹrù Lọ sí Iléeṣẹ́ Ìwádìí

Àlá tí mo lá lóru àná kò lórí, kò nídìí, ṣùgbọ́n ó ní ìfun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín, torí pé bí ìrì ni àlá rí: bí oòrùn bá ti yọ, kò sẹ́ni tó máa gbà pé koríko tutù rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìfun mi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Bí mo bá ní ìdánwò, á ṣí. Bí mo bá fẹ́ wọkọ̀, á ṣí. Bí mo bá jókòó sílé tí mi ò ṣe nǹkan kan, á dì pa bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ mi wò, wọ́n ti fi kámẹ́rà wò mí láti ìdí lọ sókè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Kò sí nǹkan kan." Dókítà kan ṣoṣo ló fún un lórúkọ. Ó ní àìsàn ìfun oníbìínú ni, pé ìfun náà kò ní egbò, kò ní kókó, inú ló kàn máa ń tètè bí i. Mo ní, "Dókítà, kí ló ń bí i nínú?" Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ìwádìí tí ọwọ́ mi bá tẹ̀, torí pé èmi kì í lè rí àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì túmọ̀ kí n fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni Mojírayọ̀, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ilé bàbá rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn fún ẹni tó jẹ́ pé gbogbo igbó tó bá rí lẹ́bàá títì ló ń wò bóyá ó ṣeé bẹ́ wọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dá ọjọ́ pé kí n wá kí àwọn òbí rẹ̀ ni ìfun mi máa ń gbọ́, ìrìn àjò á sì di ọjọ́ mìíràn. Mojírayọ̀ mọ ohun tó ń ṣe mí. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin tí kò lè wá kí àna, kò tíì fẹ́ ìyàwó. Ó ní bí Sátidé yìí, ìyẹn ọ̀la, bá kọjá tí òun kò rí mi, kí Mojírayọ̀ gbàgbé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sáyà sùn.

Nínú àlá náà, mo jókòó sídìí tábìlì, wọ́n gbé ẹ̀wà síwájú mi. Ẹ̀wà náà gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá Akínlabí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ mí, èmi àti ìfun yín la máa jọ wọ̀yá ìjà, èmi sì ni wọ́n máa dá lẹ́bi."

Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo dé abọ́ náà. Àlùbọ́sà tó wà lórí rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà," ó sì bú sẹ́kún. Mi ò bi í pé kí ló dé. Àlùbọ́sà ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bí mo ṣe ní kí n dìde ni ikùn mi ṣí bí ìgbà tí wọ́n fa síìpù báàgì. Ìfun mi jáde. Ó dé fìlà, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì ń wọ́ ìyókù ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ gùn jù.

"Níbo lò ń lọ?" mo bi í.

"Iléeṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀rọ̀ Ìfun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú mi."

"Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ lójú rẹ ńkọ́?"

"Èmi ò ní padà sílé nìyẹn. Ìwọ nìkan ni wàá lọ sí Ìkọ̀lé. Bí àna rẹ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ, kí o máa dà á sí àpò ṣòkòtò."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ àna ti kọ àna, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀lé e. Ara mi fúyẹ́ bí ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Iléeṣẹ́ náà kò sí nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin kan ń fa atẹ́gùn sí táyà lábẹ́ rẹ̀. Mo kí i, mo bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń gòkè lọ síbẹ̀.

"Àwọn tí nǹkan ń ṣe ló mọ̀ ọ́n," ó ní. "Tèmi ò dé bẹ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mo jẹ láàárọ̀, mo sì tún fi gààrí lé e."

Ìfun mi wò ó bí ẹni wo ọlọ́rọ̀ tó ń fọ́nnu. Ó ju orí rẹ̀ sókè, ó fi kọ́ fèrèsé iléeṣẹ́ náà, ó ní, "Ó yá, gùn mí."

Ẹ̀yin ará, mo gun ìfun ara mi lọ sókè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Ó ń kùn ṣáá pé, "Rọra! Ibẹ̀ yẹn ló máa ń dùn mí."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ náà ló máa ń dun èmi náà."

Ó yí ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹsẹ̀ mi má baà tẹ̀ ẹ́. Ó jọ pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ìrora náà.

Bùta aláwọ̀ ewé kan ló ń ṣọ́nà. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì na ẹnu rẹ̀ dí wa lọ́nà. "Àlọ́ o!" ó ní.

"Àlọ̀!" mo dáhùn. Inú mi ti dùn, torí pé kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

"Okùn gígùn inú àpò awọ. Ó ń jẹ, kò lẹ́nu. Ó ń bínú, kò lójú."

Ìfun mi kò jẹ́ kí n dáhùn. "Èmi ni! Èmi ni! Kí ló dé tí ẹ fi ń fi mí pàlọ́ lójú ara mi?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni bùta wí. "Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé là ń bi. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ni. Ẹ máa wọlé, ẹ má fi omi ṣòfò."

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, oníkálùkù gbé ìfun tirẹ̀ sórí itan bí ìyá ọmọ tó ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òmíràn ń sùn, òmíràn ń ké. Ìyá àgbà kan sún fún mi. Ìyá Fọlárìn ló ń jẹ́, tíṣà ni láti Ṣakí.

"Ọmọ mi, tìẹ ń ṣí àbí ó ń dì?"

"Méjèèjì ló ń ṣe, mà."

"Áà, o lówó ńlẹ̀! Tèmi ń dì ni ṣáá. Wo bó ṣe ká bí òṣùká."

"Kí lẹ ti lò sí i, mà?"

"Kí ni mi ò tíì lò? Mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ní adùn rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Mo fi ata sílẹ̀, mo fi ẹran sílẹ̀, mo fi bàbá àwọn ọmọ mi sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò gbọ́. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀ títí inú fi ń bí mi sí ìfara-balẹ̀ náà."

Ìfun rẹ̀ gbórí sókè láàárín òṣùká. "Ìyá yìí ń pariwo jù."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ni ò jẹ́ kí n sùn?" Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bá a wí náà ló ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, títí ó fi gùnfẹ̀. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Ohùn kan pè láti inú: "Akínlabí àti ìfun rẹ̀!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajéwọlé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé wà lápá kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Morónmúbọ̀ sì dá jókòó lápá kejì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n fa ìfun mi gbọọrọ. Ajéwọlé fi ojú sí orí, Ṣówándé fi ojú sí ìdí.

"Mò ń rí ọ," ni Ajéwọlé wí.

"Èmi náà ń rí ọ. O ò tíì fá irùngbọ̀n."

"Ǹjẹ́ nǹkan kan wà láàárín wa?"

"Kò sí nǹkan kan."

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ìwo yọ lórí rẹ̀. Mo rò pé bóyá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, mo bá dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú oríire, sà." Ajéwọlé náà wí pé kò sí nǹkan kan, pátákò yọ ní ọwọ́ rẹ̀. Ṣówándé tún un wí, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di òbúkọ pátápátá, táì sì wà lọ́rùn wọn síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọ́tìnì.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ni Ajéwọlé wí. "Ẹni tó kàn!"

Ìfun mi ti bú sẹ́kún. Ó ti gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ sójú fèrèsé. "O gbọ́ ọ, Akínlabí? O gbọ́ ọ? Ó dìgbóṣe. Bá mi kí Mojírayọ̀."

Mo sáré di ìdí rẹ̀ mú. Ó ń fà, mò ń fà. Mò ń rò ó pé bí mo bá fi í sílẹ̀, mo ti fi ìyàwó sílẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Morónmúbọ̀ fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ dúró ná. Èmi ò tíì mọ̀."

Gbogbo iná gbọ̀ngàn náà tàn. Iléeṣẹ́ tó ti ń mì láti àárọ̀ dúró pa lójú kan lójú ọ̀run. Àwọn òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀!"

"Bí mo bá ti mọ̀, kí ni mo wá ṣe níléeṣẹ́ ìwádìí?" ó dá wọn lóhùn. Ó yíjú sí mi. "Akínlabí, wọ́n ti fi ojú wá ohun tó ń ṣe ìfun rẹ, wọn ò rí i. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi etí wá a?"

"Rárá, mà."

Ó bọ́ okùn tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Okùn náà húkọ́, ó ní, "Kí gbogbo ilé dákẹ́." Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹnu okùn náà kan lé orí mi, ó sì fi èkejì lé ìfun mi. Bí wọ́n ṣe kàn wá báyìí, ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà di ẹní. Àwọn bẹ́ǹṣì di àga pálọ̀. Ilé àna la wà, wọ́n ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọpọlọ mi ló jókòó lápá ọkọ, ó wọ agbádá. Ó ti jáde lórí mi, mi ò sì mọ ohun tí mo fi ń ronú nígbà náà, ṣùgbọ́n mò ń ronú. Ìfun mi jókòó lápá ìyàwó, wọ́n ti fi ìbòjú bò ó lórí. Láàárín wọn ni obìnrin kan dúró sí, ó tínrín bí òwú, ó ga láti ilẹ̀ dé àjà. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí a ṣe máa ń mọ èèyàn lójú àlá. Alárenà ni, ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín orí mi àti ikùn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọpọlọ tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. Ó ní, "Alárenà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ní Sátidé, a máa rin ìrìn àjò díẹ̀."

Alárenà yíjú sí Ìfun. Ó ká ọwọ́ lérí. "Ó ní ogun ń bọ̀ ní Sátidé o! Ẹ kó gbogbo ẹrù síta!"

"Yéè!" Ìfun fò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde, ẹrù tọ̀sán, ẹrù tàná, gbogbo rẹ̀ ló ń dà sóde láìwo ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀ díẹ̀, Ìfun ní, "Alárenà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má dààmú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń kọjá níbí."

Alárenà yíjú sí Ọpọlọ. "Ó ní ọ̀bẹ ti wọlé! Ọ̀bẹ olójú méjì!"

Ọpọlọ dá kú sórí àga.

"Háà!" mo pariwo. "Òun ni! Òun ló ń ba tiwa jẹ́!"

"Lé e dànù!" ni àwọn òbúkọ kígbe, kọ́tìnì wà lẹ́nu wọn. "Kí ló tún ń ṣe níbẹ̀? Bí ọkọ àti ìyàwó bá mọjú ara wọn tán, ṣebí alárenà á yẹ̀bá!"

Mo rò ó wò, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Ta ló ń gbé alárenà sílé lẹ́yìn ìgbéyàwó? Mo bá tẹríba fún un, mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá Alárenà. Àwọn méjèèjì ti mọjú ara wọn. Ẹ lè máa lọ sílé yín báyìí."

Kò jiyàn. Ó ká ara rẹ̀ jọ bí òwú, ó sì jáde.

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ilẹ̀kùn ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni, ìrẹsì. Mo ti dé láti ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sẹ́ni tó wá pàdé mi." Ìfun jókòó, kò gbọ́. Ọpọlọ jókòó, kò mọ̀. Wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò méjì tó pàdé nínú yàrá tí kò sí ẹni tó mọ èdè ẹnì kejì.

"Ṣé o rí i?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Morónmúbọ̀ wí. "Àwọn tọkọtaya tí à ń sọ máa ń sùn sínú ilé kan náà, wọ́n ń rí ojú ara wọn. Ní ti àwọn tìẹ yìí, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọrùn àti àyà wà láàárín. Wọn ò ní mọjú ara wọn láéláé. Sáré lọ pè é."

Mo sáré jáde. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iléeṣẹ́ náà jẹ́ kìkì eyín, wọ́n ń sọ pé "jẹ ẹ́ kúnná, jẹ ẹ́ kúnná" bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Mo bá Alárenà lórí àtẹ̀gùn ìkẹyìn, ó ti fẹ́ bọ́ sínú òfuurufú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

"Dìde ńlẹ̀ jàre, o máa ba aṣọ ẹ jẹ́." Ṣùgbọ́n kò yíjú padà. "Gbogbo ayé ní mò ń pariwo. Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi mí pé kí ló dé?"

"Kí ló dé, mà?"

Ó jókòó. Ó ní, "Ṣé o rántí ìgbà tí o wà ní yunifásítì, tí omi kànga ilé tí ẹ ń gbé bàjẹ́, tí gbogbo yín ń ya ìgbẹ́ gbuuru?"

"Mo rántí rẹ̀, mà. Díẹ̀ ló kù kí n kú."

"Jẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Orí rẹ kò dá mi lóhùn, ó ń kàwé ìdánwò. Mo tún un sọ, ó ní kí n dúró. Ìgbà yẹn ni mo wá kígbe. Igbe yẹn ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àbí n kò gba ẹ̀mí rẹ là?"

"Ẹ gbà á là, mà."

"Àìsàn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi pé ogun ti parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dúró sójú ọ̀nà. Koríko bá mì, mo kígbe. Ẹyẹ bá fò, mo kígbe. Ṣé kí n wá sùn lọ ni, kí ọ̀tá padà wá?"

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ìyá wa, ogun ti parí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n fi kámẹ́rà wò mí. Kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn tí mo ti kórìíra láti ọjọ́ yìí, bí mo ṣe sọ ọ́ fún Alárenà, ó dùn lẹ́nu mi bí oyin. Òun ni wọn kò tíì sọ ọ́ fún rí. Àwa aláìsàn nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Ó mí kanlẹ̀. Èémí náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí ọ̀hún fi di bàbá arúgbó kan tó sanra, tó di ọ̀pá mú, tó sì ń jẹ́ Èémí Gígùn. Bàbá náà fa Alárenà lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká padà wọlé, díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fẹ́ kígbe, kọ́kọ́ fà mí sínú dé ìdí, kí o tún tú mi jáde. Ohun tó bá kù lẹ́yìn náà ni kí o sọ."

Nígbà tí a dé pálọ̀, àwọn àlejò ti ń wọlé bí ìgbà tí ẹbí ọkọ ń gbé ẹrù ìdána wá. Ewé míńtì kan wọlé, ó gbé òróró ara rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó ní òun wá fi pa ìyàwó lára kí ara lè tù ú ni. Ẹ̀wà àti Àlùbọ́sà tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì fúnra wọn dé. Wọ́n ní àwọn máa lọ sẹ́yìnkùlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn á sì máa padà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń fa ìjà gan-an. Lẹ́yìn wọn ni hóró oògùn funfun kan yí wọlé bí kẹ̀kẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí irọ́," ó ní, "kò sí nǹkan kan nínú mi. Ìyẹ̀fun lásán ni mí. Mo kàn wá bá yín jókòó ni."

"Káàbọ̀ o," ni Alárenà wí. "Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá bá mi jókòó." Bí hóró oògùn náà ṣe jókòó tì í ni èjìká rẹ̀ rọ̀.

Mo wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Mà, ó ní kò sí nǹkan kan nínú òun. Báwo ló ṣe ṣiṣẹ́?"

"Èmi ò tíì mọ̀," ó ní, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàlọ́ tuntun fún. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, àní ewé míńtì náà kì í ṣe ti gbogbo ìfun. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè ti ilé yìí."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ó yá. Ọpọlọ, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ."

Ọpọlọ ti jí. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé ní Sátidé, a máa rin ìrìn àjò díẹ̀."

Alárenà yíjú sí Ìfun. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè lọ sórí. Gbogbo wa di àga mú. Ìfun ti di àpótí kan mú, ó fẹ́ gbé e síta. Alárenà fa Èémí Gígùn sínú, ó tú u jáde. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ní…" ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ó ní ní Sátidé, ẹ máa rin ìrìn àjò díẹ̀."

Ìfun dúró. "Ìrìn àjò díẹ̀?"

"Ìrìn àjò díẹ̀."

"Síbo?"

"Ìkọ̀lé."

Ìfun gbé àpótí náà kalẹ̀. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀. "Ṣé ọkọ̀ á lè dúró lọ́nà bí mo bá fẹ́ na ẹsẹ̀?"

Alárenà gbé ìyẹn lọ sókè, kò fi iyọ̀ sí i, kò fi ata sí i. Ọpọlọ ní ọkọ̀ á dúró. Ìfun ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ó bọ́ fìlà tó wà lábẹ́ ìbòjú, ó wá síwájú mi, ó sì ń wọlé padà sí ikùn mi ní kíká, ní kíká. Nígbà tó ku ìdí rẹ̀ nìkan, ó ní, "Mi ò sọ pé mi ò ní bínú mọ́ o."

"Mo mọ̀," mo dá a lóhùn. "Kàn máa bínú bí ọ̀rọ̀ bá ṣe tó."

"Ìyá Fọlárìn àti ìfun rẹ̀!" ni wọ́n pè. Ìyá náà dìde, ó gbé òṣùká rẹ̀ sí èjìká, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ó kàn wá o, dìde, kí o lọ sọ tẹnu ẹ." Bí ó ṣe wọlé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé, tó ṣì jẹ́ òbúkọ, wò ó títí. Ó pa kọ́tìnì tì. Ó ní, "Mẹ̀ẹ́… èmi… èmi náà ò tíì mọ̀." Ìwo rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ gbì.

Gbì náà tún dún. Ó tún dún. Ilẹ̀kùn yàrá mi ni wọ́n ń gbá.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ọládojà ló ń kànkùn, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ó nawọ́ fóònù rẹ̀ sókè kúrò létí, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù náà.

"Akin, fóònù ẹ ti kú ni? Ìyàwó ẹ ló wà lórí tèmi yìí."

Ikùn mi gbọ́ ọ, ó rá bàbà. "Mojírayọ̀? Kí ló wí? Ṣé bàbá rẹ̀ ni?"

"Ó ní ìyá òun ní kí òun bi ẹ́ bóyá iyán lo máa jẹ lọ́la àbí ìrẹsì."

"Kí ló tún wí?"

"Kò wí nǹkan mìíràn."

"Ṣé ohùn rẹ̀ le?"

Ọládojà wò mí bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. "Èwo ni ohùn le níbẹ̀? Iyán àbí ìrẹsì ló béèrè."

Mo fi ọwọ́ lé ikùn mi. Mo fa èémí kan sínú dé ìdí, mo tú u jáde. Nǹkan kan dún níbẹ̀, ó kéré, ó lọ.

"Sọ fún un pé iyán ni."

Ọládojà gbé fóònù padà sétí. "Ó ní iyán ni," ó wí, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.